Bí Aṣọ Ṣe Ń Gba Ẹrù Ọmọ Tó Ti Ń Rìn

Ọmọ tó ti mọ ìrìn kò sọ pé kí wọ́n má pọn òun mọ́. Yóò sáré káàkiri ilé, yóò lé adìẹ dé ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n bí oorun bá ti ń kùn ún, bí ara rẹ̀ kò bá yá, tàbí bí ọ̀nà ọjà bá gùn, ọwọ́ méjèèjì ni yóò nà sókè sí ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìnira ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe ìkókó mọ́. Nínú ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń wo ìdàgbàsókè ọmọdé, ọmọkùnrin tí kò sanra jù, tí kò sì tín-ín-rín jù, ń wọn nǹkan bíi kílò 9.6 nígbà tó bá pé ọdún kan. Bó bá fi pé ọdún méjì, ó ti tó kílò 12.2, ní ọdún mẹ́ta, ó ti lé ní kílò 14. Ti ọmọbìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí.

Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú yóò mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, ẹni yìí kan náà lè fi ìró àti ọ̀já pọ̀n ọ́n dé ọjà, kó nájà, kó sì tún pọ̀n ọ́n padà wálé. Agbára rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Aṣọ ló yí ibi tí ẹrù ń tẹ̀ padà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn: bí aṣọ ṣe ń ṣe é, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣiríṣi aṣọ àti àpò ìgbọ́mọ tó wà lóde, àti bí òbí ṣe lè dán wọn wò pẹ̀lú ọmọ tó ti ń rìn kó tó náwó lé èyíkéyìí.

Ibi tí ẹrù ń tẹ̀

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tó pọ̀n ọ́n ló mọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni aṣọ sì ń gbà dín ìnira ẹni náà kù: ó ń mú ọmọ súnmọ́ ara, ó ń pín ẹrù káàkiri ara, ó sì ń ṣe ìjókòó fún ọmọ.

Ẹ mú àpò píọ̀ wọ́tà kan, irú èyí tí ọ̀rá ogún wà nínú rẹ̀. Nǹkan bíi kílò 10 ni. Bí ẹ bá nawọ́ gbé e síwájú, kò ní pẹ́ tí apá yóò fi máa gbọ̀n. Bí ẹ bá gbá a mọ́ àyà, ẹ lè gbé e rìn. Omi inú rẹ̀ kò dín; bó ṣe jìnnà sí ara ló yàtọ̀. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí ara tó ni iṣan ẹ̀yìn yóò ṣe máa fà tó, kí ẹni tó gbé e má baà tẹ̀ síhà ibi tí ẹrù wà. Bákan náà ni ọmọ rí. Bí àyà rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín, yóò fúyẹ́. Bí aṣọ bá dẹ̀, tí ọmọ fi ara sẹ́yìn, tí ọwọ́ lè wọ àárín yín, kílò 12 yẹn yóò máa fà yín sẹ́yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀, èjìká ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kejì ni pípín ẹrù. Iṣan apá àti ti ọrùn kéré, wọn kò lè gba ẹrù fún wákàtí kan láìsinmi. Ìbàdí lágbára jù wọ́n lọ, nítorí orí ẹsẹ̀ ló gbé ẹrù rẹ̀ lé tààrà. Aṣọ tó dára máa ń kó èyí tó pọ̀ nínú ẹrù lọ sí ìbàdí, yóò sì fi ìyókù yí àyà àti èjìká ká, kí ó má baà sí ibì kan tó dá nìkan jìyà. Ìdí nìyí tí aṣọ tó fẹ̀ fi sàn ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò wọ ara, ṣùgbọ́n aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí èjìká kò ní wọ̀ ọ́.

Ìjókòó ọmọ

Ọ̀nà kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù nígbà tí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀. Ẹ wo ọmọ tó jókòó dáadáa lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ jù, orúnkún méjèèjì ga ju ìdí lọ díẹ̀, ẹsẹ̀ sì ya gba ìhà méjèèjì ìyá. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn wọn, ẹ ó rí i pé ó dà bíi lẹ́tà M. Aṣọ nà láti kòtò ẹ̀yìn orúnkún kan dé ti èkejì, ó gba itan méjèèjì àti ìdí pọ̀. Ọmọ tó jókòó báyìí, orí itan àti ìdí ni ìwọ̀n rẹ̀ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ síwájú, ara rẹ̀ sì sún mọ́ ti ìyá fúnra rẹ̀.

Ní ti ìkókó, ìjókòó yìí kan eegun ìbàdí pàápàá. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, ihò tí orí eegun itan wọ̀ sí ṣì rọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yà tí orúnkún sì ká, orí eegun náà yóò jókòó sáàárín ihò rẹ̀, ihò yóò sì le yí i ká. Ní ọdún 2015, àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun kan tó ṣiṣẹ́ ní Malawi kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn Journal of Pediatric Orthopaedics pé àìsàn tí eegun itan fi ń yẹ̀ kúrò nínú ihò ìbàdí ọmọ ṣọ̀wọ́n gidigidi lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì so ó mọ́ bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń pọn ọmọ. Ọmọ ọdún méjì ti kọjá ìgbà tí eegun rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, ìtura ni ìjókòó náà wà fún: ìtura tirẹ̀, àti ti ẹni tó pọ̀n ọ́n.

Ibí ni ọ̀pọ̀ àpò ìgbọ́mọ ti ń já òbí kulẹ̀. Àpò tó bá ọmọ oṣù mẹ́fà mu kò ní dé ìdajì itan ọmọ ọdún méjì. Ẹsẹ̀ yóò máa rọ̀ wálẹ̀, abẹ́ ọmọ nìkan ni yóò gba gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀, aṣọ yóò máa gé e lábẹ́ itan, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa sunkún pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Òbí á rò pé ọmọ kò fẹ́ kí wọ́n pọn òun mọ́, tó sì jẹ́ pé ìjókòó ló kéré.

Ìró àti ọ̀já

Ẹ jẹ́ kí a tú iṣẹ́ ìró àti ọ̀já wò, nítorí bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n tán, ojú kì í rí i mọ́.

Ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ́ bíi pákó, yóò gbé ọmọ lé e, ẹsẹ̀ ọmọ yóò sì gba ìhà méjèèjì. Bíbẹ̀rẹ̀ yìí kì í ṣe àṣà lásán: níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yìn bá tẹ́, ọmọ kò lè yọ̀ bọ́, ọwọ́ méjèèjì ìyá yóò sì ráàyè ṣiṣẹ́. Yóò da ìró bo ọmọ, etí òkè rẹ̀ yóò dé abẹ́ abíyá ọmọ tàbí èjìká rẹ̀. Yóò mú etí aṣọ méjèèjì gba abẹ́ abíyá ara rẹ̀ bọ́ síwájú, yóò fa ọ̀kan le, yóò fi ìkejì bò ó lórí, yóò ká a, yóò sì kì í bọ inú lókè ọmú. Lẹ́yìn èyí ni yóò dìde díẹ̀, yóò sì kó ìsàlẹ̀ ìró sábẹ́ ìdí ọmọ.

Ọ̀já ló kàn. Yóò gbé àárín rẹ̀ sí abẹ́ ìdí ọmọ gan-an, yóò mú un gba ìhà méjèèjì wá síwájú, yóò fà á le, yóò sì ta á ní kókó. Ìró ló di ẹ̀yìn ọmọ mú kó má baà ṣubú sẹ́yìn. Ọ̀já ló gba ìwọ̀n rẹ̀ tó sì gbé e lé ìbàdí ìyá. Bí wọ́n bá so ọ̀já mọ́ ìbàdí ọmọ, tí kò sí lábẹ́ ìdí rẹ̀, ọmọ yóò máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá yóò sì máa gbé e sókè ní ìgbà gbogbo. Òwú ló dára jù fún méjèèjì, nítorí òwú a máa di òwú mú. Aṣọ tó ń dán, tó ń yọ̀, kò lè di kókó rẹ̀ mú fún ọmọ tó wúwo.

Fún ọmọ tó ti ń rìn, ìró àti ọ̀já ní àǹfààní kan tí ó ṣòro fún àpò ìgbalódé láti bá dọ́gba: ìṣẹ́jú kan tó láti so ó, kò sì tó bẹ́ẹ̀ láti tú u. Irú ọmọ yìí kò ní ìpinnu kan. Ó fẹ́ rìn, ó fẹ́ gùn, ó tún fẹ́ rìn. Àléébù ìró àti ọ̀já ni pé àyà ló gba èyí tó pọ̀ nínú agbára tí ìró fi dì mọ́ra, èyí sì lè ni ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lára. Ìró tún máa ń dẹ̀ bí ọmọ bá ń yíra, ó sì yẹ kí ẹ dúró tún un dì kó tó di pé ọmọ fara sẹ́yìn. Ìyá tó lóyún lè gbé ọmọ sókè díẹ̀ kí ó so ọ̀já lókè ikùn, kì í ṣe lé ikùn lórí, kí ó sì bi dókítà tàbí agbẹ̀bí rẹ̀ bóyá ó ṣì lè máa gbé ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn oríṣi mìíràn, àti ibi tí wọ́n ti wá

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní ìlú òyìnbó lónìí, ẹ̀yìn ìyá ní ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ann Moore, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, lọ ṣiṣẹ́ ní Togo pẹ̀lú Peace Corps ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń fi aṣọ pọn ọmọ tí ọkàn ọmọ sì ń balẹ̀. Nígbà tó padà sílé tó sì bímọ, ó gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀, Lucy Aukerman, bá a rán àpò tó ní okùn èjìká. Ní 1969 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ pé àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀, Snugli sì ni orúkọ tí wọ́n fi tà á.

Láti irú àpò bẹ́ẹ̀ ni àpò ìgbọ́mọ òde òní ti wá, èyí tó ní bẹ́líìtì oní-fóòmù ní ìbàdí, okùn èjìká méjì àti ìkọ́ oníke. Bẹ́líìtì náà ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀já, aṣọ tó gba ẹ̀yìn ọmọ ló ń ṣe ti ìró. Ó rọrùn fún bàbá, fún ìyá àgbà, àti fún ẹni tí kò mọ kókó í ta, nítorí pé fífà ni wọ́n kàn ń fa okùn rẹ̀ bá ara mu. Fún ọmọ tó ti ń rìn, ẹ béèrè sáìsì tí wọ́n ṣe fún irú wọn. Ọ̀pọ̀ àpò kì í gbà ju kílò 20 lọ. Àwọn tó fẹ̀, tó sì ga, tí wọ́n ṣe fún ọmọ tó ti dàgbà, lè dé nǹkan bíi 27. Ìwọ̀n yìí máa ń wà lára ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àpò lè gba kílò 20 kí ìjókòó rẹ̀ sì kúrú fún itan ọmọ yín. Ìwọ̀n ń sọ bí okùn ṣe lágbára tó, kò sọ bí ọmọ yóò ṣe jókòó.

Aṣọ gígùn híhun ni òmíràn. Ní Jámánì, Erika Hoffmann tó bí ìbejì bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Didymos ní 1972, lẹ́yìn tó ti fi rebozo, ìborùn àwọn obìnrin Mexico, gbé àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí tó gùn dáadáa nínú irú aṣọ yìí ń lọ sí mítà 4.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń yí i gba èjìká méjèèjì, wọ́n ń gbé e kọjá lórí ara wọn, wọ́n sì ń so ó ní ìbàdí. Bí wọ́n ṣe hun ún ló jẹ́ kó lè nà díẹ̀ ní ìdágẹ̀rẹ́, kó sì gba ara ọmọ, láìjẹ́ pé ó dẹ̀. Fún ọmọ tó wúwo, ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta aṣọ lè kọjá lórí ìdí rẹ̀, ẹrù a sì fúyẹ́ gan-an. Ohun tó gbà ni sùúrù: kíkọ́ rẹ̀ ń pẹ́, ọmọ tó ń jà kì í sì í dúró de ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún aṣọ gígùn rírọ̀ tó ń nà bíi síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn dára fún ìkókó níwájú. Bí ọmọ kílò 12 bá wọ inú rẹ̀, yóò máa sọ̀ kalẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fi pọn ọmọ sẹ́yìn rárá.

Aṣọ olórùka méjì jẹ́ ti èjìká kan. Rayner Garner ló ṣe é ní Hawaii ní 1981. Wọ́n ń fa aṣọ gba àárín òrùka méjèèjì, aṣọ á sì fún ara rẹ̀ pa níbẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe ń fà á ni yóò ṣe máa dì sí i. Orí ìbàdí ni ọmọ máa ń jókòó sí, ó ń rí ohun tí ìyá ń rí, ó sì lè yára bọ́ sílẹ̀. Ó dára fún ìrìn kúkúrú. Bí ìrìn bá gùn, èjìká kan ṣoṣo kò lè gba ọmọ ọdún méjì láìro.

Bí ẹ ṣe lè dán wọn wò

Ẹ má ra àpò nítorí bó ṣe rí lójú. Ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́ ni kí ẹ fi dán an wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ń gbé, ibùdó wà ní ìlú púpọ̀ tí òbí ti lè yá aṣọ àti àpò ìgbọ́mọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní owó kékeré, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò sì fi bí wọ́n ṣe ń so ó hàn án. Nílé, ẹ lè yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà.

Ẹ yan ìgbà tí ọmọ ti jẹun, tí oorun kò sì kùn ún. Ẹ kọ́kọ́ fi àpò ìrẹsì tàbí ìrọ̀rí kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ó, kí ọwọ́ yín lè mọ ọ̀nà kí ọmọ tó wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e pọ̀n, ẹ ṣe é lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn yín. Bí ọmọ bá na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ nígbà tí ẹ ń so ó, ìjókòó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ dúró, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó ká orúnkún, kí ẹ sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un ní nǹkan dì mú. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ jáde rìn lójú ẹsẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n pọ̀n tí wọn kò rìn ni yóò kọ́kọ́ bínú.

Ẹ dúró níwájú dígí. Ṣé orúnkún ga ju ìdí? Ṣé aṣọ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún? Ṣé etí òkè aṣọ dé abẹ́ abíyá ọmọ, ó kéré tán? Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀: ṣé ọmọ ṣì lẹ̀ mọ́ yín? Ìdánwò inú ilé fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó, nítorí gbogbo aṣọ ló ń tuni lára ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé e rìn fún bíi ìdajì wákàtí kí ẹ tó gbà pé ó bá yín mu.

Ara ni yóò sọ ohun tó yẹ ní títún ṣe. Bí èjìká bá ń ro yín, bẹ́líìtì tàbí ọ̀já ti dẹ̀, ẹrù ti kúrò ní ìbàdí; ẹ fà á le kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn èjìká. Bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ń dùn yín, ọmọ ti wálẹ̀ jù. Ẹ gbé e ga. Bí ẹ bá ń tẹ̀ síwájú kí ẹ tó lè rìn, apá òkè aṣọ ló dẹ̀. Bí ìlà pupa bá wà lábẹ́ itan ọmọ, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, etí aṣọ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ tẹ́ aṣọ náà dáadáa, tàbí kí ẹ wá èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sọ pé aṣọ kò dára. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìka méjì aṣọ tí wọn kò fà le ló fa gbogbo wàhálà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Ọmọ tó ti ń rìn kì í jókòó jẹ́ẹ́ bí ìkókó. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó sì lágbára. Ẹ má ṣe pọ̀n ọ́n nídìí iná tàbí omi gbígbóná, nítorí ẹ kò rí ohun tó ń nawọ́ sí lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, orúnkún ni kí ẹ ká, kí ẹ̀yìn dúró ṣánṣán. Bó bá sùn, ẹ rí i pé ojú rẹ̀ wà síta, imú àti ẹnu rẹ̀ ṣí, àgbọ̀n rẹ̀ kò sì tẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ wo ojú rírán àti ìkọ́ oníke kí ẹ tó lò ó. Nínú ooru, ẹ ka aṣọ ìpọnmọ mọ́ aṣọ tí ọmọ wọ̀, kí ẹ sì dín ti ara rẹ̀ kù. Aṣọ ìpọnmọ kò lè dáàbò bo ọmọ nínú ọkọ̀ tàbí lórí ọ̀kadà bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Orí ẹsẹ̀ yín ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Bí ẹ bá wá fẹ́ yan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Fún gbígbé sókè àti sísọ kalẹ̀ nínú ilé àti àdúgbò, ìró tó dára àti ọ̀já tó fẹ̀ ti tó, ẹ kò sì ní láti ra nǹkan mìíràn. Fún ìrìn wákàtí kan, tàbí bí bàbá àti ìyá bá fẹ́ máa lo ẹyọ kan, àpò oníbẹ́líìtì tí ìjókòó rẹ̀ dé orúnkún ọmọ ló yẹ. Aṣọ gígùn híhun bá ẹni tó ní sùúrù àti ọmọ tó wúwo mu, aṣọ olórùka sì bá ẹni tó fẹ́ nǹkan kékeré nínú báàgì mu. Ní ti owó, aṣọ olówó gọbọi tí ìjókòó rẹ̀ kúrú kò tó ìró òwú àti ọ̀já tí wọ́n so sábẹ́ ìdí ọmọ dáadáa. Ẹ wo orúnkún ọmọ yín kí ẹ tó wo iye tí wọ́n ń tà á.